Ìró Kọ́ọ̀bù Kẹ́hìndé

Bí wọ́n bá ti pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ ní ọsibítù, tí wọ́n sọ fún ọ pé ìfun ẹlòmíràn ni wọn yóò fi sí ọ nínú, àti pé títí ayé ni wàá máa lo oògùn kí ara rẹ má baà bá ìfun náà jà, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Fa àga súnmọ́ mi. Èmi kì í ṣe dókítà, èmi kì í sì í ṣe wòlíì. Ike ni mò ń tà ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo kí àìsàn tó lé mi kúrò níbẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kẹ́ẹ̀gì, gbogbo ohun tó máa ń pariwo bó bá jábọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń há fúnni ní ọsibítù, torí ẹni tó kọ ìwé náà kò mọ ìyá mi.

Táíwò ni mí. Ọmọ Iléṣà ni wá, èmi àti Kẹ́hìndé, èkejì mi. Èmi obìnrin, òun ọkùnrin. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé òun ni ẹ̀gbọ́n? Òun ló rán mi ṣáájú pé kí n lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rí. Bí a bá ń jà, á ní, "Táíwò, rọra o, ìránṣẹ́ mi ni ọ́." Èmi náà á ní kó máa yangàn lọ, ìránṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń débi tí ẹran wà.

Màmá wa kì í fún ẹnì kan ní nǹkan kó má fún ẹnì kejì. Bó bá ra bàtà, bàtà méjì ni. Bó bá ra àkàrà, á fi ojú wọ̀n ọ́n kí ti ẹnì kan má baà tóbi ju ti ẹnì kejì. Bí mo bá ṣẹ̀, àwa méjèèjì la ó jọ jẹgba. Èyí tó pa wá lẹ́rìn-ín jù nígbà tá a dàgbà ni ti oògùn. Bí ibà bá mú mi, tí wọ́n bá fún mi ní oògùn kíkorò, Màmá á fún Kẹ́hìndé náà ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ le koko bí òkúta. Kẹ́hìndé á bú sẹ́kún pé òun ò ṣàìsàn. Màmá á ní, "Gbé e mì jàre. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wá." Ìyá ìjọ ni Màmá o, kì í bọ òrìṣà kankan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbejì kò sí lára ohun tó máa ń bá pásítọ̀ jíròrò.

Inú rírun ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, inú fún mi bí ẹni ń fún aṣọ tó tutù. Mo rò pé ọgbẹ́ inú ni, mo ra oògùn lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, mo mu ún, ó rọlẹ̀. Ó tún wá. Báyìí ni mo ṣe ń tan ara mi jẹ títí di ọjọ́ tí mo ṣubú sáàárín àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì mi, tí ikùn mi le gbagidi, tí mò ń bi omi aláwọ̀ ewé. Àwọn aláàárù ló gbé mi sínú takisí. Ìwọ tó ń kà á yìí, bí inú bá ń run ọ́ lọ́nà tí kò rí bó ṣe máa ń rí, má ṣe bíi tèmi. Lọ jẹ́ kí wọ́n wò ọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ká lọ gba káàdì. Ìlà káàdì gùn dé ẹ̀yìn ilé. Mo wà nílẹ̀, mò ń yí. Kẹ́hìndé ló sáré dé láti Iléṣà, pẹ̀lú ọ̀rá ẹ́ńjìnnì lára aṣọ rẹ̀, torí iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ tó ń fa omi ló ń ṣe. Ó gbé mi sí èjìká, ó sì gba iwájú gbogbo ìlà kọjá. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi bínú lọ́la." Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín ìlà, ìyẹn ni ohun ìkẹyìn tí mo rántí kí wọ́n tó gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ìfun mi ló lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ó sì ti kú sínú mi. Wọ́n gé èyí tó kú dànù, ohun tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan. Bí mo bá jẹun, á kàn gba inú mi kọjá bí ẹni da omi sínú asẹ́. Wọ́n gbé mi lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ń fi oúnjẹ olómi fún mi nínú iṣan. Mo gbẹ títí tí òrùka mi ń bọ́ fúnra rẹ̀. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú mi níbẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní oúnjẹ inú iṣan kò ní gbé mi jìnnà, pé ẹ̀dọ̀ mi ti ń ráhùn. Ó ní ní Íńdíà, wọ́n lè gé lára ìfun ẹni tó wà láàyè kí wọ́n fi sí inú mi.

Àǹtí Ìyábọ̀, àbúrò bàbá wa tó ń gbé ní Ọ̀fàtẹ̀dó, ló kọ́kọ́ pariwo. "Ìfun? Ṣé aṣọ ni, tí wọ́n fi ń yá ara wọn?" Ó gbé àgbo wá nínú ìgò, ó ní kí n mu ún kí ìfun mi hù padà. Mo ní, "Àǹtí, ewébẹ̀ ló ń hù." Ó bínú, ó bú mi dáadáa. Kẹ́hìndé tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kò dá sí i. Ó kàn fọwọ́ pa ikùn ara rẹ̀, ó ní, "Tèmi ti gùn jù. Iyán Màmá ló fà á gùn. Ẹ gé e."

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Màmá ní, "Ohun tí ẹnì kan ní, ti ẹnì kejì náà ni." Ọ̀rọ̀ parí. Kẹ́hìndé ta ilẹ̀ rẹ̀ ní Ọ̀fàtẹ̀dó pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tó ti fi lélẹ̀, ìjọ dáwó, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi l'Ọ́jà Ọba dáwó, títí kan obìnrin kan tí èmi àti ẹ̀ kì í kí ara wa.

Mi ò ní fi ìtàn Íńdíà yọ ọ́ lẹ́nu. Mo sùn, mo jí. Nígbà tí mo jí, wọ́n ti fa orí ìfun náà yọ síta lápá ọ̀tún ikùn mi kí àwọn dókítà lè máa wò ó, wọ́n sì so báàgì kékeré mọ́ ọn fún ìgbẹ́. Ó pọ́n, ó tutù, ó ń dán bíi tàtàṣé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó sì ń yí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé á máa yí. Mo wò ó tó ń sún díẹ̀díẹ̀ láì jẹ́ pé mo sọ fún un pé kó sún, gbogbo irun ara mi dìde. Ara Kẹ́hìndé ni mò ń wò, ní ààyè, lórí ikùn mi, tí Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ sì ń hanrun lórí ibùsùn kejì.

Nígbà tí a padà dé, Dókítà pe èmi àti Màmá jókòó ní Ìbàdàn. Ó ní, "Ara ní ẹ̀ṣọ́. Ohun tí ẹ̀ṣọ́ náà kò bá mọ̀, ó máa ń pa á ni. Oògùn yìí ló ń mú ẹ̀ṣọ́ náà tòògbé kó má baà pa ìfun náà. Bí Táíwò bá fi oògùn sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á jí."

Màmá ní, "Dókítà, ẹ̀ṣọ́ wo ni kò mọ Kẹ́hìndé? Inú kan náà ni wọ́n ti jáde."

Dókítà ṣàlàyé pé ìbejì tó jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin dà bíi tẹ̀gbọ́n tàbúrò mìíràn ni, ara wọn kì í ṣe ọ̀kan. Màmá mirí. Àmọ́ mo mọ irú orí tí Màmá ń mì yẹn: bó ṣe máa ń mi orí sí oníbàárà tó bá ná ọjà rẹ̀ ní iye tí kò bójú mu nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa oògùn náà fún ọ. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni, lójoojúmọ́, kò sí ìsinmi. Ojú mi wú rọ̀bọ̀tọ̀. Irun hù sí mi lágbọ̀n, Kẹ́hìndé ní òun á yá mi ní abẹ. Ọwọ́ mi méjèèjì ń gbọ̀n débi tí mi ò lè fi abẹ́rẹ́ gba òwú mọ́. Níwọ̀n bí ẹ̀ṣọ́ ara sì ti ń tòògbé, gbogbo ikọ́ àti ibà tó ń kọjá lọ lójú títì lè yà sọ́dọ̀ rẹ. Mi ò gbọdọ̀ wọ inú èrò, mi ò gbọdọ̀ mu omi kànga tí wọn kò sè. Bí mo ṣe pàdánù ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. Mo padà sí Iléṣà, sínú ilé tí wọ́n bí mi sí. Màmá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ulé lo dé yìí," ó sì gba ẹrù oògùn lọ́wọ́ mi, torí bí mo bá ṣí i fúnra mi, ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń fọ́nká sí. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń kó o lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún Dókítà. Bí Kẹ́hìndé bá wọlé, tó bá sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ìfun náà máa ń yí. Bí ó bá pè mí lórí fóònù, á yí. Dókítà á ní ìfun ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, mo mọ̀. Èmi àti Kẹ́hìndé fi ń ṣeré. Á tẹ̀ síwájú báàgì mi, á ní, "Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ dáadáa níbẹ̀? Ṣé wọ́n ń fún ẹ ní iyán?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró. Mo wà lórí àga, mò ń pààrọ̀ báàgì, ojú mi wà lára rẹ̀ gan-an. Ó ń yí, ó sì dúró gbagidi bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ láti ẹ̀yìn. Mo fọwọ́ kàn án, kò mira. Mo pe Kẹ́hìndé lórí fóònù, kò wọlé. Mo tún pè é léraléra. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìfun náà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, jẹ́jẹ́, bíi pé kò rántí ọ̀nà.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n mú ìròyìn dé. Ìtagunmodi ni Kẹ́hìndé lọ, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù, ó lọ tún ẹ̀rọ tó ń fa omi inú kòtò wọn ṣe. Òjò ti rọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, ilẹ̀ ya lé e lórí. Wọ́n wa ilẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń wà á ló ń ya sí i. Òjò kò dá. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kúrò kó má baà pa ẹlòmíràn. Wọn ò rí i. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, wọn ò rí i.

Ní ilé wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi. Ohun tí Màmá sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wa nìyẹn, pé Kẹ́hìndé lọ ṣẹ́gi. Kò sunkún. Kò sí òkú, kò sí sàréè. Ó tẹ́ ibùsùn yàrá Kẹ́hìndé, ó gbé àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì gbé kọ́ọ̀bù tánganran tí Kẹ́hìndé ti ń lò láti kékeré tì í.

Àǹtí Ìyábọ̀ ló tún dé. Ó ní kí wọ́n tètè yà wá, pé ìbejì tó bá lọ máa ń padà wá mú èkejì rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ọ̀bẹ wo lẹ fẹ́ fi yà wá?" Mo gbé aṣọ mi sókè, mo fi ohun tó ń yí hàn án. Ó kígbe, ó sá jáde, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan kù sí pálọ̀.

Ìgbà tó padà wá mú bàtà ló dúró sójú fèrèsé, ó bá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ pariwo. "Táíwò, oògùn yẹn ló de ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́ ọ lára. Kò lè lọ, kò lè bọ̀. Fi oògùn sílẹ̀, kí ara rẹ tú u sílẹ̀, kó lọ sinmi." Ẹ̀rù bà mí, torí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo gbé e yẹ̀ wò lórí àga yẹn. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹ̀ṣọ́ tí Dókítà sọ. Bí mo bá fi oògùn sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á jí, á rí Kẹ́hìndé, á sì pa á. Ilẹ̀ ti pa á lẹ́ẹ̀kan. Ara mi ló máa pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó kù lókè eèpẹ̀ lára Kẹ́hìndé, èmi ni mo gbé e dání, kò sí níbòmíràn. Mo ní kí Àǹtí máa lọ sílé.

Nítorí náà mo ń lo oògùn mi. Tàbí mo rò pé mò ń lò ó. Ọ̀fọ̀ ti sọ mí di igi: ohun tí Màmá bá kó lé mi lọ́wọ́ ni mo ń gbé mì, ojú mi ní dídì.

Láàárín àkókò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró náà. Bí mo bá ti gbé oògùn àárọ̀ mì, tí Màmá jáde kúrò lọ́dọ̀ mi, kò ní pẹ́ tí màá gbọ́ ọ láti yàrá Kẹ́hìndé: kín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oògùn: kín. Mo mọ ìró náà bí mo ṣe mọ ohùn ara mi. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, bí Kẹ́hìndé bá mu omi tán, á ju òkúta wẹ́wẹ́ sínú kọ́ọ̀bù rẹ̀ kí Màmá lè mọ̀ pé ó fẹ́ sí i. Mo bi Màmá bóyá ó gbọ́ nǹkan. Ó ní rárá. Kò wo ojú mi. Mi ò lè dìde lọ wo yàrá náà. Kí ni mo fẹ́ ṣe bí mo bá débẹ̀ tí mo bá a lórí ibùsùn?

Ìgbà tí mo lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, Dókítà tẹjú mọ́ ìfun náà ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó ní kí n máa ṣọ́ àwọ̀ rẹ̀. Kò tíì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí a padà sílé tí pípọ́n rẹ̀ ṣá, tó di àwọ̀ ẹ̀dọ̀ màlúù. Báàgì kì í pẹ́ kún mọ́, omi lásán ni. Ara mi gbóná. Mo sọ fún Màmá pé, "Màmá, ó dà bíi pé Kẹ́hìndé fẹ́ máa lọ o."

Màmá ní, "Kò lọ síbì kankan. Mò ń tọ́jú ẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní oògùn ni fóònù dún. Dókítà ni. Kò kí mi. "Táíwò, ṣé o ń lo oògùn rẹ? Gbogbo rẹ̀? Ohun tí mo rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tó nǹkan. Ẹ̀ṣọ́ ti ń jí. Máa bọ̀ báyìí, kó gbogbo oògùn tó wà nílé dání."

Mo ṣì gbé fóònù sétí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kín.

Mo dìde. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo di ògiri mú títí mo fi dé yàrá Kẹ́hìndé, mo sì ṣí ilẹ̀kùn.

Màmá ni. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dúró síwájú àwòrán náà. Ó ń sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀: "Gba tìrẹ, Kẹ́hìndé. Má bínú sí àbúrò rẹ." Mo wo inú kọ́ọ̀bù. Oògùn mi ló kún ibẹ̀ dé etí, àwọn tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ ti rin, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Èmi tó yẹ kí n máa gbé méjì mì, ẹyọ kan ni mo ti ń gbé mì. Èkejì ni ti Kẹ́hìndé.

"Màmá! Ẹ ti pa mí!"

Ó yíjú, ẹnu yà á. "Èmi? Èmi tí mo bí ọ?" Kò tijú, kò sì sá. Ó di kọ́ọ̀bù náà mú mọ́ àyà. "Ìgbà wo ni mo fún ọ rí tí mi ò fún un? Bí kò bá rí tirẹ̀ gbà, á wá gba tìẹ. Á mú ọ lọ. Ìwọ nìkan ló kù mí kù, Táíwò! Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Mo fẹ́ bú u. Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Ẹkún ló jáde.

Nínú takisí dé Ìbàdàn, kọ́ọ̀bù náà wà lórí itan Màmá, ó fi gèlè bò ó. Dókítà wo inú rẹ̀. Ó bi í pé, "Màmá, ta lẹ ń fún?" Màmá ní, "Èkejì rẹ̀." Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún títí. Wọ́n dá mi dúró lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi oògùn líle sínú iṣan mi láti mú ẹ̀ṣọ́ náà sùn padà. Dókítà ní bí àwọ̀ ìfun náà kò bá yípadà, àfi kí àwọn yọ ọ́, kò sì sí òmíràn tí àwọn lè fi sí i. Màmá bi í pé, "Ẹ fẹ́ yọ Kẹ́hìndé dànù?"

Ní àárọ̀ kan níbẹ̀, nọ́ọ̀sì kó oògùn mi wá, méjì, nínú ìdérí ìgò. Kí n tó na ọwọ́, Màmá ti mú ẹyọ kan. Nọ́ọ̀sì kígbe mọ́ ọn. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀. Màmá di oògùn náà mú mọ́ àyà. Kì í ṣe agídí mọ́, ẹ̀rù ni. Ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó yan ọmọ kan nínú méjì.

Mo ṣí aṣọ, mo ní, "Màmá, ẹ pè é."

"Ta ni?"

"Ẹ pè é lórúkọ."

Ó tẹ̀ ba. Ó ní, "Kẹ́hìndé."

Ìfun náà dúdú létí, ó rọ̀ bọ̀ọ̀. Mo rò pé kò ní ṣe nǹkan kan. Ó yí, ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo ní, "Màmá, kò sí nínú kọ́ọ̀bù. Ibí ló wà. Oògùn tí ẹ ń fi pamọ́ fún un yẹn, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, ebi rẹ̀ ló ń pa á kú lọ yìí. Ẹnu wo ló kù fún un, bí kì í bá ṣe ẹnu tèmi?"

Ìgbà yẹn ni Màmá tó sunkún Kẹ́hìndé. Ó sun ún débi tí nọ́ọ̀sì jáde sílẹ̀ fún wa. Nígbà tó dákẹ́, ó nu ojú, ó mú oògùn kìíní, ó fi sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Èyí ti Táíwò." Mo gbé e mì. Ó mú èkejì, ó wò ó títí, ó sì fi sí mi lẹ́nu. "Èyí ti Kẹ́hìndé."

Ó gba àkókò kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà. Díẹ̀díẹ̀ ni pípọ́n náà fi ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, títí tí Dókítà fi ní ká máa lọ sílé.

Mo wà láàyè. Mò ń jẹ iyán, kékeré. Wíwú ojú mi ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, mò ń fi ìbòmú bo imú bí mo bá jáde, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín. Mò ń ta ike ní ẹ̀bá ilé wa báyìí, níta gbangba níbi tí atẹ́gùn wà. Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, fi ojú ara rẹ rí oògùn rẹ kí o tó gbé e mì, bó ti wù kí ọkàn rẹ bàjẹ́ tó. Bí ara bá gbóná, ọsibítù lónìí, má sọ pé ó di ọ̀la. Àgbo tí wọ́n bá gbé wá, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o gbé e fún dókítà wò kí o tó fi kan ètè. Má sì bínú jù sí àwọn ará ilé rẹ. Ìfẹ́ ló fẹ́ pa mí, kì í ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́, má wulẹ̀ bá a jà. Wá ọ̀nà tó máa gbà wọ inú oògùn rẹ.

Kọ́ọ̀bù tánganran náà, Màmá ti fọ̀ ọ́ mọ́. Òun ni mo fi ń mu omi oògùn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Màmá á mú un wá, á pín in: ti Táíwò, ti Kẹ́hìndé. Mi ò gbọ́ ìró kankan mọ́, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó kó oògùn ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún mi. Èmi nìkan ni mo wà nílé, oòrùn ti ń wọ̀. Mo gbé ti Táíwò mì, mo mu omi tẹ̀ lé e. Ẹnì kan yà láti ra kẹ́ẹ̀gì, mo bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé títí, mo sì gbàgbé pé ẹyọ kan ṣẹ́kù lórí tábìlì. Oníbàárà lọ. Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́ ọ láti yàrá Kẹ́hìndé. Kín.

Mo wo kọ́ọ̀bù tó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò dìde lọ wo yàrá. Lábẹ́ aṣọ, ìfun náà yí lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Má bínú, tìrẹ rèé," mo sì gbé èkejì mì.